Ìbò, máàkì tàbí àríyànjiyàn? Bí ẹ ṣe lè yan àfikún tí ẹ máa ṣe sí sọ́fítíwíà yín, àti ibi tó yẹ kí ẹ kọ ọ́ sí

Oníbàárà kan kọ̀wé sí wa nígbà kan pé ká bá òun fi bọ́tìnnì kan sójú ìwé ìṣirò, èyí tí yóò máa kó gbogbo nọ́ńbà lọ sínú Excel. Ẹni mẹ́rìnlá mìíràn ti bèèrè ohun kan náà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é. Lẹ́yìn oṣù kan, mo yẹ àkọsílẹ̀ wò: ẹni méjì péré ló ti tẹ bọ́tìnnì yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo wá pe oníbàárà náà lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ má bínú o. Ohun tí mò ń wá gan-an ni kí akáǹtáǹtì mi máa rí nọ́ńbà yẹn láràárọ̀ Mọ́ńdè, kí n má máa fọwọ́ ara mi fi ránṣẹ́." Ímeèlì kan tó ń dá ara rẹ̀ lọ ni ì bá ti parí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ Excel yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé ìpinnu méjì ló wà nídìí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, a sì máa ń dì wọ́n pọ̀ bí ẹrù kan. Àkọ́kọ́: ṣé ká ṣe é? Èkejì: níbo la máa ṣe é sí? Ṣé àárín sọ́fítíwíà gan-an ni, àbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àbí ìta pátápátá? Ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí a kọ̀ la ì bá gbà ká ní a rántí pé ibòmíràn wà tí a lè gbé e sí. Ọ̀pọ̀ tí a gbà náà ni kò yẹ kó wọ àárín rárá.

Ohun tí mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Mẹ́rin ni. Wákàtí mélòó ni ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ń jẹ kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù? Ohùn ta ló ń gbọ́: ẹni tó ń pariwo nìkan, àbí ẹni tó ti fi wá sílẹ̀ láì sọ nǹkan kan náà? Bó bá ní "rárá" fún ọ̀gá, tàbí fún oníbàárà tó ń san owó jù lọ, ṣé rárá yẹn máa dúró? Paríparí rẹ̀, ẹni tí a bá gbà síṣẹ́ ní ọdún mẹ́ta sí i, ṣé ó lè kà á kó mọ ìdí tí a fi yàn bí a ṣe yàn? Owó ìtọ́jú náà wà níbẹ̀, àmọ́ ibi "níbo" ni yóò ti gbòòrò.

Kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò lókè, ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè mẹ́ta, ká máa dà wọ́n sínú asẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní kí a ṣe ojú dúdú (dark mode), ìyẹn kí ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Èkejì ní kí ohun tí ènìyàn bá ṣèèṣì pa rẹ́ ṣeé dá padà. Ẹ̀kẹta wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kan: wọ́n fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn máa fi password ilé-iṣẹ́ wọlé, àdéhùn wọn pẹ̀lú wa sì máa parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i.

Ìbò

Èyí ló rọrùn jù. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ ìbéèrè síta, kí ẹni tó bá fẹ́ nǹkan tẹ àtàǹpàkò, kí ẹ sì máa kà á. Kì í jẹ ikọ̀ yín ní wákàtí kan lọ́sẹ̀. Nínú ìbéèrè mẹ́ta wa, ojú dúdú ni yóò gbégbá orókè, kò sí àní-àní. Ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn á ní ìbò ẹyọ kan, torí ẹnì kan ló ń kọ̀wé fún gbogbo wọn.

Ìdápadà ńkọ́? Ẹni tí iṣẹ́ oṣù kan rẹ̀ bá ṣèèṣì pa rẹ́ kì í dúró dìbò. Ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ohun kejì tí ìbò kò lè ṣe hàn kedere nínú ìtàn Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù. Ní 2003, wọ́n gbé àbá kan tó ń jẹ́ PEP 308 kalẹ̀: ṣé kí èdè náà ní ọ̀nà láti kọ "bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, mú èyí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mú tọ̀hún" sórí ìlà kan? Wọ́n dìbò. Àwọn ènìyàn fẹ́ nǹkan ọ̀hún, àmọ́ oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọ̀wé ló wà nílẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó kó ọ̀pọ̀ ìbò jọ. Wọ́n dá àbá náà nù. Ní 2005, Guido van Rossum, ẹni tó dá Python sílẹ̀, fúnra rẹ̀ yan ọ̀kan, ó sì jáde nínú Python 2.5 ní 2006. Ìbò sọ pé ebi ń pa wọ́n, kò sọ ohun tí wọ́n máa jẹ.

Vim, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, gbìyànjú oríṣi mìíràn nígbà kan: ẹni tó bá fi owó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn ló máa ń rí ààyè dìbò lórí ohun tí wọ́n máa fi kún un. Ìyẹn dín ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ kù, torí ẹni tó ti tọwọ́ bàpò kì í fi ìbò ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti lọ kò sí nínú àwọn tó sanwó, nítorí náà ihò kan náà ṣì wà níbẹ̀.

Máàkì: RICE

Ilé-iṣẹ́ Intercom ló gbé RICE jáde. Nọ́ńbà mẹ́rin ni. Iye ènìyàn tí àfikún náà yóò kàn láàárín àkókò kan, bíi oṣù mẹ́ta. Bí yóò ṣe kàn wọ́n tó: 3 bó bá kàn wọ́n gan-an, 2 bó bá pọ̀, 1 bó bá mọ níwọ̀n, 0.5 bó bá kéré, 0.25 bí kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dá wa lójú tó: 100%, 80% tàbí 50%. Ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ ní ìlọ́po ara wọn, kí ẹ wá fi iye iṣẹ́ pín in, ìyẹn iye oṣù tí ẹnì kan yóò fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tí mo kàn méfò sí ìbéèrè mẹ́ta wa. Ojú dúdú: 4,000 × 0.5 × 80% ÷ 2, ìyẹn 800. Ìdápadà: 600 × 3 × 80% ÷ 1, ìyẹn 1,440. Password ilé-iṣẹ́: 120 × 2 × 100% ÷ 3, ìyẹn 80. Ìdápadà tí ìbò kò rí rárá ti bọ́ síwájú. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn RICE nìyẹn: ó ní kí ẹ ka àwọn tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ àwọn tó sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ẹ fọwọ́ kan nọ́ńbà kan ṣoṣo kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bó bá hàn pé ìdápadà yóò gba oṣù mẹ́ta dípò ẹyọ kan, tórí pé a ní láti tọ́jú ohun gbogbo tí ènìyàn pa rẹ́ sí ibì kan fún ìgbà díẹ̀, máàkì rẹ̀ já sí 480, ojú dúdú sì tún gbapò rẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹnì kan méfò lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ló yí gbogbo ètò padà. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí a ti fi odindi wákàtí jiyàn bóyá 0.5 ni tàbí 1, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí bi oníbàárà kankan ní nǹkan kan. Bí ọ̀gá bá sì ti mọ àfikún tó fẹ́, ẹ ó rí i pé "80%" rẹ̀ á di "100%" wọ́ọ́. RICE lè sọ rárá fún ọ̀gá, bí ọ̀gá kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kún fọ́ọ̀mù.

Àbá mi: ẹ lò ó láti to nǹkan sí ìsọ̀rí mẹ́ta, tó ga, tó wà láàárín, tó lọ sílẹ̀. Ẹ má fi 812 lu 800.

Iye tí ìdádúró ń ná wa

Password ilé-iṣẹ́ ló gba ipò ìgbẹ̀yìn nínú RICE, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ní ọjọ́. Donald Reinertsen, tó ń kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà tuntun, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di gbajúmọ̀: ẹ bi ara yín pé èló ni ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá dá nǹkan yìí dúró yóò ná wa, kí ẹ wá fi iye àkókò tí yóò gbà pín in. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú iṣẹ́ ni WSJF (Weighted Shortest Job First).

Ojú dúdú: bó pẹ́ oṣù mẹ́fà, àwọn tó ń ráhùn á máa ráhùn nìṣó, díẹ̀ á lọ. Ìdápadà: ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lé ẹnì kan tàbí méjì lọ, díẹ̀díẹ̀, láì ní ariwo. Password: títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìdádúró kò ná wa ní kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, gbogbo àdéhùn ti lọ. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ẹnì kan sì nìyẹn, tí ẹni méjì bá gbé e, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó túmọ̀ sí pé òní la gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí ká sọ fún wọn lónìí pé kò ní ṣeé ṣe. Kò sí máàkì kankan tó lè fi èyí hàn yín, torí RICE kò ní ibi tí ẹ máa kọ ọjọ́ sí.

Aléébù rẹ̀ ni pé ó nílò nọ́ńbà owó, owó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà. Bí àwọn tó ń tajà bá ń sọ pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ lọ, ẹ ó máa kọ sọ́fítíwíà fún ẹni tó bá halẹ̀ jù. Ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà oníbàárà hàn yín.

Kano, àti MoSCoW ní ṣókí

Ní 1984, Noriaki Kano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé ọ̀nà kan jáde tó ń bi ènìyàn ní ìbéèrè méjì lórí ohun kan: báwo ló ṣe máa rí lára yín bó bá wà, àti báwo ló ṣe máa rí lára yín bí kò bá sí? Ẹwà rẹ̀ wà nínú ìbéèrè kejì. Ẹ bi ènìyàn pé báwo ló ṣe rí bí ìdápadà bá wà, yóò ní, "Ó yẹ kó wà náà ni." Ẹ bi í pé bí kò bá sí ńkọ́, ojú rẹ̀ á yí padà. Ohun tó jẹ́ dandan nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ lé lórí. Ojú dúdú sábà máa ń bọ́ sí ìdà kejì: bó bá wà, inú wọn á dùn, bí kò bá sí, wọn ò ní bínú. Ẹ má gbàgbé pé ohun tó ń dùn mọ́ wọn lónìí máa di dandan lọ́la, nítorí náà ìdáhùn tí ẹ gbà lọ́dún tó kọjá ti gbó. Ó ń gba àkókò láti ṣe, ènìyàn díẹ̀ ò sì tó. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti tó.

MoSCoW, tí Dai Clegg gbé jáde ní 1994, kò ju pípín nǹkan sí mẹ́rin lọ: dandan, ó yẹ, ó lè wà, kì í ṣe ní ìgbà yìí. Ìmọ̀ràn tó máa ń bá a rìn ni pé kí dandan má ju 60% iṣẹ́ lọ. Bí ẹ kò bá pa òfin yẹn mọ́, gbogbo nǹkan ló máa di dandan kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Kíkọ àbá sílẹ̀

Ìgbẹ̀yìn ni ọ̀nà tó wọ́n jù: kí ẹni tó fẹ́ nǹkan jókòó kọ ọ́ jáde, ìdí rẹ̀, bí yóò ṣe rí, ohun tí yóò bàjẹ́, àti ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbé yẹ̀ wò tí wọ́n sì fi sílẹ̀. Python ń pè é ní PEP, Rust, èdè kóòdù mìíràn, ń pè é ní RFC láti 2014. Ní ti Rust, bí ikọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ pinnu, wọ́n á kéde àkókò ìkẹyìn ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹni tó bá ní àtakò sọ ọ́.

Ó ń jẹ oṣù. Ó sì ń jẹ ènìyàn. Àríyànjiyàn lórí PEP 572, àmì `:=` péré, gbóná débi pé ní oṣù Keje 2018, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán, Guido van Rossum sọ pé òun fi ipò olùdarí sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ló gbapò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú òṣùwọ̀n kẹrin wa, kò sí ọ̀nà tó lè bá èyí dọ́gba. PEP 308 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ àti bí wọ́n ṣe gbà á, ọ̀rọ̀ ogún ọdún lé. Máàkì RICE tí ẹ kọ lóṣù tó kọjá dà? Ta ló rántí ìdí tí ẹ fi kọ 0.5?

Kì í ṣe gbogbo ikọ̀ ló nílò ìwé olójú-ewé mẹ́wàá. Ìpínrọ̀ mẹ́ta lè tó. Kódà, àwọn tí ẹ kọ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ jù, torí àwọn ló ń padà wá.

Níbo la máa kọ ọ́ sí?

Ibi tí owó ìtọ́jú ti ń fojú hàn nìyí. Kíkọ kóòdù ni apá tó kéré jù nínú iye tí àfikún kan ń náni. Ìyókù ni ìdánwò, ìwé ìlànà, ìbéèrè àwọn tí kò yé, àti gbogbo àfikún ọjọ́ iwájú tó gbọ́dọ̀ bá a gbé.

Àárín sọ́fítíwíà ni ibi tó dára jù fún ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò, tí kò sì ṣeé ṣe láìfọwọ́ kan gbòǹgbò. Ìdápadà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ibi tí a ti ń tọ́jú dátà ló kàn. Ohun tó bá wọ àárín kì í sábà jáde mọ́.

Bọ́tìnnì nínú ìṣètò, tí ènìyàn lè tàn tàbí pa, ló máa ń dà bí ìlàjà: ẹ gbà fún ẹni tó fẹ́, ẹ kò fi dí ẹni tí kò fẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́wàá irú bẹ́ẹ̀ ti di ìrísí 1,024 tí sọ́fítíwíà yín lè ní, ẹ ò sì ní dán gbogbo wọn wò. Nígbà tí ikọ̀ kò bá fẹ́ pinnu, bọ́tìnnì ni wọ́n máa ń sá sí. Fún ojú dúdú, ó tọ́. Fún "ṣé kí a béèrè kí a tó pa nǹkan rẹ́", ẹ pinnu, ẹ jọ̀ọ́.

Feature flag jọ bọ́tìnnì, àmọ́ ọwọ́ yín ló wà, kì í ṣe ọwọ́ oníbàárà. Ẹ lè ṣí àfikún fún díẹ̀ nínú wọn, kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì tì í padà. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ yọ èyí tó ti parí iṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2012, ilé-iṣẹ́ Knight Capital, tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ tó sì ń tà á ní Amẹ́ríkà, tún flag àtijọ́ kan lò fún iṣẹ́ tuntun. Sáfà (server) kan nínú mẹ́jọ kò gba kóòdù tuntun náà, nítorí náà kóòdù àtijọ́ tó ti sùn fún ọdún púpọ̀ ló jí níbẹ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là ti lọ.

Plugin, ìyẹn àfikún tí ènìyàn lè so mọ́ ẹ̀gbẹ́ sọ́fítíwíà, ni mo máa ń fẹ́ràn jù, ó sì ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹ wo SQLite, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátà, lórí ọ̀rọ̀ JSON, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to dátà sílẹ̀. Ní 2015, nínú ẹ̀dà 3.9.0, wọ́n gbé e wọlé gẹ́gẹ́ bí àfikún tí ẹni tó bá fẹ́ lè so mọ́ ọn. Wọ́n jẹ́ kí ayé lò ó. Ní 2022, nínú ẹ̀dà 3.38.0, ó di ara àárín, tó ń bá gbogbo ènìyàn wá àyàfi bí wọ́n bá yọ ọ́. Ọdún tó lé ní mẹ́fà ni wọ́n fi wò ó kí wọ́n tó gbé e wọlé pátápátá. Bí mo bá rí ikọ̀ tó ń ṣe báyìí, mo máa ń gbà pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìdà kejì rẹ̀ ni Firefox, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn plugin rẹ̀ àtijọ́ lè fọwọ́ kan ibi gbogbo nínú ẹ̀rọ náà, ohun tó sì mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn wọn nìyẹn. Àmọ́ bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó: ẹ kò lè tún inú ilé ṣe láìfọ́ plugin ẹnì kan. Nígbà tí Firefox 57 jáde ní oṣù Kọkànlá 2017, wọ́n pa gbogbo oríṣi àtijọ́ yẹn tì, wọ́n sì mú ọ̀kan tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré wá dípò. Ọ̀pọ̀ plugin tí àwọn ènìyàn gbójú lé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà plugin kéré láti ọjọ́ kìíní. Ẹ lè máa fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, dídín in kù ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Ìta pátápátá ló kù: ẹ ṣí API, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí sọ́fítíwíà mìíràn lè gbà bá tiyín sọ̀rọ̀, kí ẹlòmíràn so tirẹ̀ mọ́ ọn. Ímeèlì akáǹtáǹtì yẹn lè wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ wa rárá. Ní ti password ilé-iṣẹ́, ẹ má kọ tiyín. Àwọn ìlànà tó wà nílẹ̀ bíi SAML àti OpenID Connect wà fún un, àwọn tó ń ta iṣẹ́ náà sì pọ̀, ẹ lè rà á. Bí ẹ bá rà á, oṣù mẹ́ta yẹn lè di ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìpinnu "ṣé ká ṣe é" á sì yí padà látàrí ìdáhùn "níbo". Ìdí nìyí tí mi ò fi ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ iye iṣẹ́ sínú RICE kí a tó mọ ibi tí nǹkan yóò gbé.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, ẹ lo ìbò láti fi gbọ́, kí ẹnì kan máa pinnu, kí ẹ sì kọ ìpínrọ̀ kan fún ohunkóhun tí ẹ bá kọ̀. Ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà plugin tóóró. Ẹ kò ní agbára láti máa tọ́jú ohun tí ẹlòmíràn fẹ́.

Bí ẹ bá ń tà á fún ilé-iṣẹ́, ẹ ya ohun tó ní ọjọ́ sọ́tọ̀, kí ẹ fi iye ìdádúró wọ̀n ọ́n. Ìyókù, ẹ fi RICE to ó sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ sínú àtẹ kan, torí ohun tó ní ọjọ́ máa jẹ gbogbo ohun tí kò ní ọjọ́ run, ìdápadà kò sì ní jáde láéláé.

Bí ẹlòmíràn bá ń kọ́lé lé orí tiyín, bó jẹ́ èdè kóòdù, láíbírì tàbí ìlànà, ẹ kọ àbá sílẹ̀. Ó wọ́n, ó sì ń pẹ́, àmọ́ ohun tí ẹ bá fi síta kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ wọn.

Bí ọjọ́ ìfiṣẹ́lélẹ̀ bá ti wà tí kò sì ṣeé yí, MoSCoW ti tó, pẹ̀lú òfin 60% yẹn.

Bí oníbàárà yín kò bá tíì pé ọgọ́rùn-ún, ẹ pa gbogbo asẹ́ wọ̀nyí tì. Ẹ pe mẹ́wàá nínú wọn lórí fóònù, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú tó ṣáájú èyí tí wọ́n fi kọ ìbéèrè náà. Akáǹtáǹtì ọjọ́ Mọ́ńdè máa ń wà níbẹ̀.